Ọ̀rẹ́ mi ti pé ẹni ọdún 74, èmi ò ju 27 lọ. Ṣé àkókò ni mò ń fi ṣòfò?

ỌmọAláago:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti nǹkan bí oṣù méjì, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún lójúkojú, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí, bóyá ẹnì kan nínú yín ti bá irú ẹ̀ pàdé rí.

Bàbá kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé tí mò ń gbé, aago ni wọ́n fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn tún ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó jẹ́ ká mọra ni pé aago ọwọ́ tí bàbá tó bí mi fi sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kú ló dédé dákẹ́, aago àtijọ́ tó jẹ́ pé èèyàn á máa fọwọ́ yí i, kì í lo bátìrì. Mo gbé e lọ bá wọn, mo rò pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n padà wá mú un. Wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n mì ín jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e sétí, wọ́n dijú. Wọ́n ní, "Sípíríǹgì ẹ̀ ò já, òróró inú ẹ̀ ló ti gan. Jókòó."

Mi ò bá ti àtijókòó wá rárá, ibì kan ni mò ń lọ. Mo ṣáà jókòó. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọn ò lè fi ẹ̀mú kékeré yẹn gbé skúrù mọ́, bẹ́ẹ̀ skúrù ọ̀hún ò ju orí èèrà lọ. Ni wọ́n bá gbé awò tí wọ́n máa ń há mójú fún mi, wọ́n ní èmi ni màá tú u, àwọn á máa sọ fún mi. Sátidé mẹ́ta gbáko la fi ṣe é. Skúrù kan fò lọ lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì dojú délẹ̀ à ń fi iná fóònù mi wá a, àwọn ni wọ́n sì padà rí i, kì í ṣe èmi tójú mi ṣì le. Ìgbà tí aago yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù, wọ́n ní kí n gbé e sétí, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, wọ́n ní tí etí mi bá ti mọ ohùn yẹn, aago kan ò ní lè fi àìsàn pa mọ́ fún mi mọ́. Mi ò gbọ́ ju kẹ-kẹ-kẹ lásán lọ lọ́jọ́ yẹn. Ní báyìí mo ti ń gbọ́ ọ.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lọ ní gbogbo Sátidé. Orí tábìlì yẹn ni mo ti kọ́kọ́ sunkún bàbá mi, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n kú. Bàbá ò sọ fún mi pé kí n má sunkún o, wọn ò sì gbà mí nímọ̀ràn kankan, wọ́n kàn rọra gbé ìdérí bo aago tá à ń tún ṣe kí omi ojú mi má baà kán sí i.

Wàhálà tó wá wà ńlẹ̀ pín sí méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí léèrè pé kí ni mò ń wá lọ́dọ̀ arúgbó lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń gbafẹ́, wọ́n ní ojúgbà ẹni là ń bá ṣe ọ̀rẹ́. Èkejì ló dùn mí jù: ọmọ bàbá tó ń gbé lọ́nà jíjìn pè mí lórí fóònù, ó bi mí tààrà pé kí ni mò ń fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá òun. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ tuntun, Sátidé mẹ́ta kọjá lára wọn tí mi ò lọ, ará ilé kan wá sọ fún mi pé gbogbo Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bàbá to irinṣẹ́ sórí tábìlì láti àárọ̀, wọ́n fa àga méjì sídìí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irú àjọṣe báyìí ní láárí fún ẹni méjèèjì lóòótọ́, àbí mò ń tan ara mi jẹ ni? Kí ni kí n wá ṣe nípa ti ọmọ wọn yìí?

Òótọ́Korò:

Arákùnrin, mi ò ní fi ẹ́ ṣẹ̀sín, ohun tó o kọ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o ṣọ́ra, torí èmi náà ti wà lábẹ́ àgbà kan rí. Ọdún méjì ni mo fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, gbogbo ohun tó pè ní "mò ń fi ayé hàn ẹ́" ò ju kí n máa gbé ẹrù kí n máa jíṣẹ́ káàkiri. Bí mo bá ní èrò kan lórí iṣẹ́ tá à ń ṣe, ohun tó máa sọ ni pé "ta ló bí ẹ síbẹ̀?" Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un pé ohun tó fẹ́ gé yẹn á kéré sí ibi tó fẹ́ fi sí, ó lé mi síta, ó gé e, ó kéré. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bíi pé èmi ni mo jẹ́ kó kéré.

Torí náà tí àwọn èèyàn bá ń sọ pé kí ọ̀dọ́ sún mọ́ àgbà, inú mi kì í sáábà dùn sí i. Kì í ṣe gbogbo orí ewú ni ọgbọ́n wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé etí tí wọ́n máa rọ ọ̀rọ̀ sí nìkan ni wọ́n ń wá, èèyàn kọ́. Bàbá tìẹ lè máà rí bẹ́ẹ̀ o, ó jọ pé wọn ò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ bi ara ẹ: nígbà wo ni wọ́n gbà pé ìwọ lo tọ̀nà gbẹ̀yìn?

ỌmọAláago:

@Òótọ́Korò Ẹ ṣé gan-an. Mo ronú sí ìbéèrè yín. Oṣù tó kọjá ni, wọ́n ní apá ibì kan lára aago kan ò sí lọ́jà mọ́ níbikíbi lágbàáyé, mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "O ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n," wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa ń kọ nǹkan sí, wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

ÌyáÀgbà68:

Ọmọ mi, mo kí ẹ. Ìwọ Òótọ́Korò náà, mo kí ẹ, pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí ọ̀gá yẹn ṣe fún ẹ ò dáa, mi ò ní torí pé àgbà bíi tèmi ni kí n gbèjà ẹ̀.

Tíṣà ni mí fún ọdún 35, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ṣì kéré ò lè mọ̀ fún yín, torí ó dìgbà téèyàn bá débẹ̀. Ohun tó ń dun àgbà kì í ṣe pé kò rí èèyàn. Èmi ń rí èèyàn. Àwọn ọmọ mi ń pè mí lójoojúmọ́, kí Ọlọ́run bù kún wọn, wọ́n á ní ṣé ẹ sùn dáadáa, ṣé ẹ ti lo oògùn yín, ṣé ẹsẹ̀ yẹn ti ń fúyẹ́. Gbogbo ìbéèrè wọn orí ara mi ló ń dá lé. Ó tó ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ohun tí mo mọ̀ ni mo máa fi dáhùn. Èmi tó jẹ́ pé bí agogo bá lù ní àárọ̀, ogójì ọmọ á máa wo ẹnu mi.

Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin ẹni ọdún 16 kan láti ilé kejì wá béèrè ìṣirò lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fìdí rẹmi. Mo gbé ìgò ojú mi, mo wo ìwé ẹ̀, àyà mi ń lù kì-kì-kì bíi pé èmi ni mo fẹ́ ṣèdánwò, torí ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti lè gbàgbé. Mi ò gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rántí pé orúnkún ń dùn mí àfi ìgbà tí mo fẹ́ dìde lọ sùn.

Òun náà ní òun á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn ní fídíò. Bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, á já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, pá-pá-pá, á ní "Mà, ó ti tán, ẹ wò ó." Mi ò mọ nǹkan kan. Mo wá sọ fún un pé, "Ọmọ mi, má bá mi ṣe é. Ká ọwọ́ ẹ sẹ́yìn kó o máa fẹnu sọ ọ́." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí iye ọmọ tí mo ti gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wọn nídìí pátákó láàárín ọdún 35, torí pé wọ́n ń pẹ́ jù. Ó dùn mí o, ó dùn mí gan-an. Látìgbà yẹn, bí ọmọ yẹn bá ń ṣe ìṣirò tó ṣì í, èmi náà á ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aago ẹ ṣe tẹ́ mi lọ́rùn. Bàbá yẹn ò pè ẹ́ kó o wá gbọ́ ìtàn. Iṣẹ́ ló wà láàárín yín, àwọn ò lè dá a ṣe, ìwọ náà ò lè dá a ṣe. A máa ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, àmọ́ ìlàjì àkọ́kọ́ yẹn nìkan làwa àgbà fẹ́ràn àtimáa sọ jáde.

Àga méjì tí wọ́n fà sídìí tábìlì yẹn, má jẹ́ kó di ẹ̀bi lọ́rùn ẹ o. Ṣùgbọ́n lọ. Kó o sì sọ fún wọn fúnra ẹ pé iṣẹ́ tuntun ló dé, wọ́n á yọ̀ fún ẹ ju bó o ṣe rò lọ.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́:

Ẹ ṣé Mọ̀mì. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ ni mo máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́, torí náà ojú mi ló ṣe, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Arákùnrin béèrè pé ṣé ó ní láárí. Ó ní in, wọ́n sì ti ṣe ìwádìí ẹ̀. Lọ́dún 2010, Julianne Holt-Lunstad àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 148 jọ, èèyàn tó lé ní 308,000 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tí àjọṣe àárín àwọn àtàwọn èèyàn lágbára, àǹfààní tí wọ́n ní láti ṣì wà láyé títí ìwádìí fi parí fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn tí àjọṣe wọn ò lágbára lọ. Èyí kì í ṣe ti àgbà nìkan.

Ní ti ọ̀dọ́ ńkọ́? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti erékùṣù Kauai ní Hawaii. Emmy Werner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún 1955, wọ́n jẹ́ 698, wọ́n ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ẹni 40 ọdún. Àwọn kan nínú wọn, ìyà ni wọ́n fi dàgbà, òṣì, ìjà nínú ilé, òbí tó ń mutí tàbí tí ọpọlọ ẹ̀ ò pé. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló dàgbà di èèyàn gidi tó ṣeé gbára lé. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń rí lára wọn ni pé ó kéré tán, àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n gbágbáágbá, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sì í ṣe òbí, ó lè jẹ́ ìyá àgbà, tíṣà, tàbí aládùúgbò. Ẹnì kan ṣoṣo o! Bí mo bá ti rántí pé ẹnì kan ṣoṣo lè tó, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ní Zimbabwe, láti 2006, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ẹni tọ́kàn ẹ̀ bá wúwo á wá jókòó tì wọ́n á sọ tẹnu ẹ̀. Ìrònú àrojù ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn lédè Shona, kufungisisa. Wọ́n fi èèyàn 573 dán an wò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tó ọmọ bí fáwọn ìyá yẹn, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2016: lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ yá ju tàwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn ìyá yìí kì í ṣe dókítà. Wọ́n kàn kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì bá ẹni náà wá ọ̀nà àbáyọ sí ìṣòro kan lẹ́ẹ̀kan.

Mo rò pé mo mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀dọ́ bá níṣòro, òbí ẹ̀ á bẹ̀rù, ọ̀gá ẹ̀ á máa dá a lẹ́jọ́, ojúgbà ẹ̀ náà ń wá ọ̀nà tiẹ̀. Àgbà tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ ò ní èyíkéyìí nínú ìyẹn ṣe. Ó ti rí i tí irú nǹkan báyẹn ṣẹlẹ̀ tó sì kọjá lọ. Bàbá tó gbé ìdérí bo aago nígbà tó ò ń sunkún, ẹ̀rù ò bà wọ́n, wọn ò sì sá. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ dára, má fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè ṣe ìyẹn fún ẹ.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni lọ máa ṣe é bí àánú. Mo máa ń rí wọn níbi iṣẹ́ wa, wọ́n á wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ní ilé àwọn àgbà kan tó ń jẹ́ Humanitas ní ìlú Deventer ní Netherlands, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ibẹ̀ láìsanwó ilé, wọ́n kàn gbọ́dọ̀ fi wákàtí 30 lóṣù ṣe aládùúgbò rere fáwọn àgbà. Aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀. Wọ́n ń bára wọn gbé.

Àrẹ̀mọ_Òkèèrè:

Ẹ jẹ́ kémi sọ ti ẹnì kejì, torí mo ti wà ní ipò ọmọ bàbá yẹn rí.

Ìyá mi ń dá gbé, mo wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọmọbìnrin kan lórí fóònù, pé ó wá, pé àwọn jọ gbin òdòdó, pé ó ka lẹ́tà fún àwọn. Inú mi ò dùn, kí n má purọ́. Mo ní ta ni yìí, kí ló ń wá. Mo wá nọ́ńbà ẹ̀ rí, mo sọ̀rọ̀ sí i, mi ò bú u, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́, ẹni tó bá ní ìtìjú lójú ò ní padà wá. Kò padà wá lóòótọ́. Láàárín oṣù méjì ohùn ìyá mi yí padà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju "a dúpẹ́" lọ, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Wọn ò fẹjọ́ mi sùn lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo délé tí mo rí àwọn òdòdó tó ti gbẹ ló yé mi. Mo lọ bẹ ọmọ yẹn fúnra mi.

Nígbà tí mo wá bi ara mi ní òótọ́, ìfura kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó ń dùn mí pé àjèjì mọ ohun tí ìyá mi ń ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday, èmi ò sì mọ̀ ọ́n.

Torí náà, pe ọkùnrin yẹn, má dúró kó tún pè ẹ́. Má bínú sí i, àwọn tó ń jí owó àgbà wà lóòótọ́, wọ́n pọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ náà ni wọ́n sì fi ń wọlé. Sọ ọjọ́ tó o máa ń lọ fún un. Sọ fún un pé o ò ní fọwọ́ kan káàdì báńkì bàbá, o ò ní mọ nọ́ńbà àṣírí ẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ rán ẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ẹ ní nǹkan tó lówó lórí, jẹ́ kó gbọ́ kó o tó gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ nǹkan kan nípa bàbá ẹ̀ fún un tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó síbẹ̀ nìkan ló lè mọ̀.

Ní ti Sátidé, tí iṣẹ́ tuntun ò bá jẹ́ kó ṣeé ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì méjì kó o sì dúró lórí ẹ̀. Ohun tó ń pa àgbà lára ni kí wọ́n to irinṣẹ́ kí wọ́n máa wo ọ̀nà.

Òótọ́Korò:

Mo ka gbogbo ẹ̀. Mọ̀mì ÌyáÀgbà, ẹ ṣé mà. Kò sí àgbà tó sọ "pẹ̀lẹ́" fún mi rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

ỌmọAláago:

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo pe ọmọ bàbá lọ́jọ́bọ̀. Ó le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mò ń kólòlò. Mo sọ gbogbo ohun tí Àrẹ̀mọ ní kí n sọ, ti káàdì, ti ọjọ́, ó kàn ń ní "ẹn-ẹn, ẹn-ẹn." Mo wá sọ fún un nípa ìwé tí bàbá máa ń kọ nǹkan sí. Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Ṣé wọ́n ṣì máa ń dijú tí wọ́n bá gbé aago sétí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà tóun wà lọ́mọdé, wọn kì í jẹ́ kóun sún mọ́ tábìlì yẹn, torí skúrù. Ó ní òun ò jókòó síbẹ̀ rí láyé òun.

Sátidé, mo lọ. Mo sọ ti iṣẹ́ tuntun, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé nǹkan kan ni, ẹni tí kò bá fẹ́ wá mọ́ kì í gbàgbé awò ẹ̀ sílẹ̀ (mo gbàgbé ẹ̀ lóòótọ́). A ti fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Mo pe ọmọ wọn ní fídíò bó ṣe ní kí n ṣe, mo gbé fóònù ti agolo òróró. Bàbá wò ó títí. Wọn ò kí i, wọn ò bi í léèrè bó ṣe wà. Wọ́n ní, "Aago wo lo so mọ́wọ́ yẹn? Gbé e sún mọ́ fóònù."

ÌyáÀgbà68:

Kí ni wọ́n gbọ́?

ỌmọAláago:

Wọ́n ní ohùn ẹ̀ ò dọ́gba, ó ń tiro. Wọ́n ní kó gbé e bọ̀ wálé.